Orí Kẹfà: Katakata Tó Dúró Sójú Kan Ló Ń Kú

Orúkọ Ẹgbẹ́dá wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ni kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery gbé ìwé kan jáde n'Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n to oríṣiríṣi ilẹ̀ tó wà láàárín gbùngbùn agbègbè náà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi orúkọ ìlú pe ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ Àpòmù, ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá pupa, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, omi kì í dúró lórí rẹ̀, kòkó àti àgbàdo sì máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ bí ọkọ́ bá wọlé díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún abẹ́ ibẹ̀, funfun, ẹlẹ́nu mímú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kúọ́tsì.

Òkúta yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ katakata, nítorí òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì èyí tó ń ṣiṣẹ́, tí omi sì ń pa èyí tó dúró. Láti Alákìá títí dé Aṣẹ́jirè, kí èèyàn yà sí Erúnmu, kó kọjá sí Lálúpọn ní Lágelú, kò ní ṣàì rí katakata kan lẹ́yìn ilé tàbí lábẹ́ igi máńgòrò, tí koríko ti hù bo táyà rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe é, wọ́n á ní ó ti gbó. Ó gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbó kọ́ ló dá a dúró. Nǹkan kékeré kan ló bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan, owó kò sí nílẹ̀ láti tún un ṣe, òjò rọ̀ lé e lórí lọ́dún yẹn àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nǹkan kékeré sì di ńlá.

Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ katakata ọgbà àtijọ́, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni Cub Cadet tí International Harvester gbé jáde ní 1961, tàbí John Deere 110 ti 1963: ẹ̀rọ kékeré oní-sìlíńdà kan tí wọ́n fi ń gé koríko àyíká ilé, tí àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì wá ń tún ṣe ní gáréèjì wọn báyìí fún ìgbádùn ara wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, àdá àti agbára ọwọ́ ló ń gé koríko iwájú ilé. Katakata kékeré tí àgbẹ̀ agbègbè Ẹgbẹ́dá mọ̀, tó sì tọ́ kéèyàn náwó lé lórí láti jí dìde, ni Massey Ferguson 35 àti 135. Ìdí tí mo fi mú wọn, tí n kò mú òmíràn, bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Ferguson.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Ferguson, ará County Down ní Áyálándì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi bàálù fò nílẹ̀ Áyálándì, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1909, bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ìgbà tó yá ló kọjú sí oko. Nígbà náà, ẹ̀wọ̀n tàbí irin gbọọrọ kan ni katakata fi ń wọ́ ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò igi, táyà ẹ̀yìn kò ní dúró, iwájú á wá gbéra nílẹ̀, katakata á sì dà sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a lọ. Ferguson ṣe apá irin mẹ́ta sí ẹ̀yìn katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ó sì so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n gbogbo katakata òde òní ti wá. Apá méjì ìsàlẹ̀ ló ń fa ohun ìtúlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, ohun ìtúlẹ̀ fẹ́ yí síwájú, ó sì ń fi apá òkè ti katakata. Títì yẹn ń tẹ iwájú katakata mọ́lẹ̀ kó má baà gbéra, ìwúwo ohun ìtúlẹ̀ àti ti ilẹ̀ tó ń yí sì bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Nídìí apá òkè, síprìǹgì ńlá kan wà. Bí títì náà bá pọ̀ jù, síprìǹgì yìí á sún, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún óìlì haidirọ́líkì láti gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún rọ̀, ó padà sísàlẹ̀. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Nínú ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tí kùkùté kòkó àtijọ́ àti òkúta ń dúró de èèyàn láàárín poro, ẹni tí síprìǹgì àti apá òkè katakata rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ ti padà sí ìgbà tí ẹ̀wọ̀n ń pa awakọ̀. Síbẹ̀, ẹ ó rí katakata tí wọ́n fi bóòtù lásán rọ́pò píìnì apá òkè, tàbí tí wọ́n jó síprìǹgì náà mọ́ ibi tó wà.

Láti 1946 sí 1956, ó lé ní 500,000 Ferguson TE20 tí wọ́n ṣe ní Coventry. Mẹ́ta lára irú rẹ̀, tí wọ́n ti tún ṣe fún yìnyín, ni Edmund Hillary àti àwọn èèyàn rẹ̀ gùn dé òpin ayé níhà gúúsù ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1958. Ilé-iṣẹ́ Ferguson ti da pọ̀ mọ́ Massey-Harris ti Kánádà ní 1953, àwọn méjèèjì ló di Massey Ferguson. MF 35 tẹ̀ lé TE20, MF 135 sì jáde ní ìparí 1964.

Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kẹ́ni tó fẹ́ ra 35 kọ́kọ́ wò. Èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì nígbà àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì Standard oní-sìlíńdà mẹ́rin, tí òkìkí rẹ̀ kàn fún àìtètè jí. Ní 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta sí i, èyí tó jẹ́ ti ìdílé 3.152; AD3.152 tó wà nínú 135 wá láti inú ìdílé kan náà. Ẹ ka nọ́súlù tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ rọra. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ìbú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 91.4 mm, ìrìn písítìnì jẹ́ 127 mm, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ lítà 2.5. Sílíìfù wà nínú sìlíńdà rẹ̀ tí ó ṣeé tì jáde: bí ògiri sìlíńdà bá jẹ, wọ́n á ti sílíìfù àtijọ́ síta, wọ́n á ti tuntun wọlé, búlọ́ọ̀kù kò ní di ohun ìdànù.

Ohun tó wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọgọ́ta ọdún ṣeé tún ṣe n'Ìbàdàn lónìí ni pé wọn kò dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró nígbà tí Coventry dáwọ́ dúró. Millat ní Pakistan àti TAFE ní Íńdíà gba àṣẹ lọ́wọ́ Massey Ferguson, wọ́n sì ń to irú katakata yìí jọ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, písítìnì, ríǹgì, gásíkẹ́ẹ̀tì, bíárìn àti sílíìfù rẹ̀ ṣì ń wọ ọjà, tuntun àti tókúnbọ̀. Ọjà Arárọ̀mí ní Géètì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo: ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì sínú ìwé, torí ẹni tó ń ta ọjà á bi yín bóyá ti 35 ni tàbí ti 135, ìdáhùn yín ló sì máa mọ iye tí ẹ ó san. Ní ti katakata tí orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀, tí ẹnì kan kó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin wọ̀n ní kílò. Ìfẹ́ nìkan kò lè bí páàtì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ìdúró ń ṣe. Òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún kan lé ní 1,200 mm, ooru sì ń mú kí ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́ kódà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí ìpẹtà. Àyè tí ìpẹtà ń gbà ju ìlọ́po méjì irin tó ti jáde lọ. Nínú sìlíńdà, àlàfo tó wà láàárín ríǹgì písítìnì àti ògiri kò tó nǹkan; nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, óìlì ló wà níbẹ̀. Bí ó bá dúró pẹ́, óìlì á ṣàn wálẹ̀, omi á gba ẹnu ṣálàǹsà tí wọn kò dé wọlé, ìpẹtà á wú, á sì há písítìnì mọ́ ibi tó wà. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Kò nọ́ọ̀kì o, ó há ni.

Ohun tó burú jù tí èèyàn lè ṣe ní wákàtí yẹn ni kó fi ọkọ̀ mìíràn fà á, pẹ̀lú gíà nínú rẹ̀. Agbára táyà ńlá méjì á wọ inú kíránkì, ohun kan á sì ṣẹ́: ríǹgì, tàbí kọ́nróòdù, tàbí àwọn méjèèjì. Ẹ tú nọ́súlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ da dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ lú mọ́ óìlì pupa ti gíà ọ̀tọmátíìkì sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àkísà dí ẹnu ihò, kí ẹ sì lọ sí ìdí iṣẹ́ mìíràn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Óìlì fẹ́lẹ́ yìí máa ń fà wọ inú ìpẹtà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ fi irin gba eyín fíláwíìlì, kí ẹ sì mì ín síwá-sẹ́yìn. Ẹ má fi tipátipá yí i. Ẹ ń wá ìmì kékeré kan, tí kò ju ìbú ìka lọ. Bí ó bá ti mì, ó ti gbà. Ẹ tún da òmíràn sí i, ẹ tún mì ín lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ti ń yí tán, ẹ yí i yípo pẹ̀lú ọwọ́ kí nọ́súlù tó padà sórí rẹ̀, kí dísẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù lè tú jáde, nítorí omi àti óìlì kì í rọ́ bí a bá tẹ̀ wọ́n, kọ́nróòdù ni yóò tẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo óìlì inú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde.

Omi máa ń gba ibòmíràn wọlé tí èèyàn kò fura sí. Rọ́bà kan wà nídìí ọ̀pá gíà 35 àti 135. Oòrùn á jẹ ẹ́, á ya, gbogbo òjò tó bá sì ṣàn dé ìdí ọ̀pá gíà á wọ inú gíà bọ́ọ̀sì. Nínú àwọn katakata wọ̀nyí, óìlì kan náà ni gíà bọ́ọ̀sì àti haidirọ́líkì jọ ń lò, pọ́ǹpù haidirọ́líkì sì wà nísàlẹ̀ inú óìlì yẹn gan-an. Ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ kí ẹ sì gbé ike síbẹ̀. Bí óìlì tó jáde bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Mo ti rí ẹni tó náwó gidi lórí pọ́ǹpù tuntun nítorí apá ẹ̀yìn kò gbéra mọ́, tó sì ri pọ́ǹpù tuntun náà sínú óìlì olómi àtijọ́ yẹn. Rọ́bà ọ̀pá gíà kò wọ́n. Títí ẹ ó fi rí i rà, ike tàbí agolo kan tí ẹ dé mọ́ ọn lórí tó.

Táńkì dísẹ́ẹ̀lì náà ní tirẹ̀. Táńkì tó dààbọ̀ ń mí: lọ́sàn-án afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á jáde, lálẹ́ á tutù, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin á wọlé, ìrì á sì dì sára irin. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Níbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n bá sì ti pọ̀, wọ́n á di ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀, tó ń dí fílítà pa. Ẹni tó máa pààkì katakata títí òjò mìíràn, kó rọ táńkì kún dé ẹnu, kí àyè má sí fún ìrì.

Wàyí o, ẹ ti fọ táńkì, ẹ ti pààrọ̀ fílítà, bátìrì dára, kíkì sítátà ń yí i dáadáa, ẹ́ńjìnnì kò jí. Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìnì ló ń tẹ afẹ́fẹ́ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún àyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná kọjá 500°C, nọ́súlù á sì fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sí i lára. Kí nọ́súlù tó lè ṣí, agbára tó ju ìlọ́po 150 ti afẹ́fẹ́ ayé lọ gbọ́dọ̀ tì í. Dísẹ́ẹ̀lì kì í sún kì, nítorí náà pọ́ǹpù lè tì í dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa sún kì. Bí ìfófòó kékeré bá wà nínú páìpù, pọ́ǹpù á máa tẹ ìfófòó yẹn, á sì tún sílẹ̀, nọ́súlù kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe ń lé e jáde rèé. Ẹ ṣí ẹnu táńkì sílẹ̀. Ẹ tú bóòtù kékeré tó wà lórí fílítà, kò ní jáde tán, kó ṣáà dẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí pọ́ǹpù kékeré tó ní ọ̀pá tí ìka lè tẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Fófòó ni yóò kọ́kọ́ máa tú jáde lórí fílítà, lẹ́yìn náà ni dísẹ́ẹ̀lì gidi tí kò ní fófòó mọ́. Ẹ dì í. Bí ọ̀pá náà bá rọ̀, tí kò ta ko ìka rárá, pọ́ǹpù kò bàjẹ́: ṣáàfù inú ẹ́ńjìnnì ló gbé e sókè, ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan kó lè sọ̀ ọ́. Ẹ lọ sára pọ́ǹpù ńlá, bóòtù méjì ló wà níbẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣe ti òkè. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù orí nọ́súlù, kí ẹnì kan sì yí kíkì títí dísẹ́ẹ̀lì á fi máa já jáde níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní sìlíńdà kan, á di méjì, á wá di mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tí wọ́n ti tú lọ fún àwọn tó ń tún pọ́ǹpù ṣe kò ní nǹkan kan tó ṣe wọ́n ju èyí lọ. Ìkìlọ̀ kan ni: ẹ má ṣe gbé ọwọ́ sí iwájú nọ́súlù tó ń fọ́n. Agbára yẹn lè fi dísẹ́ẹ̀lì gún awọ ara wọnú ẹran, ojú ọgbẹ́ á kéré, ọwọ́ sì lè lọ sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí sáré lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Katakata ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òkúta Ẹgbẹ́dá. Friedrich Mohs, ará Jámánì, ló ṣe ìwọ̀n tí a fi ń mọ òkúta tó le ju òmíràn lọ ní 1812, láti 1 dé 10. Kúọ́tsì wà ní 7. Irin ògiri sìlíńdà kò tó bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì le ló ń ha èyí tó rọ̀. Nígbà tí háró bá ń fọ́ ilẹ̀ gbígbẹ lóṣù Kẹta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, eruku pupa tó ń dìde yẹn ní kúọ́tsì lúbúlúbú nínú, ẹ́ńjìnnì sì ń fa afẹ́fẹ́ yẹn símú láìdúró. Ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìgò irin tó ní óìlì nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ á já wálẹ̀ láàárín rẹ̀, á kan óìlì, á sì yí padà sókè lójijì. Eruku wúwo, kò lè yí bẹ́ẹ̀, inú óìlì ló ń wọ̀ sí. Èyí tó bá sá là, àwọ̀n irin tó wà lókè á mú un. Nígbà eruku, ojoojúmọ́ ni kí ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀ yìí. Bí ẹrẹ̀ bá ti dì nínú rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ bu óìlì tuntun sí i dé ojú àmì. Kó má kọjá àmì o, ẹ́ńjìnnì lè fa óìlì yẹn mu, á sì máa sáré láìgbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni.

Abọ́ lè mọ́ kí eruku sì máa wọlé síbẹ̀. Ẹ tú rọ́bà tó so ìgò náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìka nu inú rẹ̀ ní apá tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Óìlì díẹ̀ kò burú. Bí ìka bá gbé yanrìn jáde, rọ́bà ti ya tàbí klípù kò dì í, ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó sílíìfù tuntun ṣe sì ti ń jẹ yanrìn.

Omi rádíétọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi kànga máa ń ní èròjà ilẹ̀ nínú. Bó bá ń hó, èròjà yẹn á dì mọ́ ògiri inú ẹ́ńjìnnì, kò sì ní jẹ́ kí ooru jáde. Omi òjò tí ẹ sẹ́ dára jù ú lọ, kí ẹ sì fi kúlántì sí i nítorí ìpẹtà. Kí ẹ nu koríko àti fúlùfúlù àgbàdo kúrò lójú rádíétọ̀ nírọ̀lẹ́. Gírísì náà, ojoojúmọ́ ni, kí ẹ máa fún un títí ti àtijọ́ yóò fi yọ síta, torí eruku ló ń tì jáde.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí a kò ra ńlá tuntun. Yàtọ̀ sí owó, ilẹ̀ wa ni. Rattan Lal, tó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn n'Ìbàdàn, títí di 1987, tó sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn bí ọ̀gbàrá ṣe ń gbé irú ilẹ̀ yìí lọ. Ó fi hàn pé bí a bá ń tú u, tí a sì ń fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò fún òjò, erùpẹ̀ òkè tó lọ́ràá kì í pẹ́ lọ, òkúta ni yóò kù. Katakata tó wúwo tún ń tẹ ilẹ̀ pa. MF 135 kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tó dára jù fún un lágbègbè yìí ni kíkó ẹrù, gígé igbó, fífún oògùn àti títú ilẹ̀ níbi tí kò sí ọ̀nà míì, kì í ṣe kí a máa tú gbogbo oko lódọọdún nítorí pé a ti ní katakata.

Ohun tí àwọn tó ṣe é kò fi sí i ni ààbò. Láti 1959 ni Sweden ti sọ ọ́ di dandan kí katakata tuntun ní férémù irin tí kò ní jẹ́ kó tẹ awakọ̀ pa bó bá dà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ wa kò ní in. Wẹ́dà lásán kọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Férémù tí wọ́n ti dán wò, tí bóòtù dì mọ́ àsìsì, ni kí ẹ wá. Láti dúró nílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn kéèyàn fi sípánà so ẹnu kíkì sítátà pọ̀ ti pa awakọ̀ púpọ̀ lágbàáyé, nítorí bí gíà bá wà nínú rẹ̀, ẹni yẹn ni katakata máa kọ́kọ́ gùn. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, tí a fi ń wa ẹ̀rọ míì, ń yí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bó bá ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó lè fa etí bùbá tàbí ìró padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ìbòrí ọ̀pá yẹn kí ẹ tó wá ọ̀dà.

Ọ̀dà ló sì kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá fẹ́ ra katakata tí ó ń dán, kó ní kí wọ́n má tan án kó tó dé, kó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì bóyá ó tutù. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná ti jí láti àárọ̀ kí ẹ má baà mọ bó ṣe ń jí. Bó bá ti ṣiṣẹ́ gbóná, kó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ óìlì sí. Èéfín tó ń tú jáde fùùfùù níbẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ríǹgì tó ti jẹ. Kó gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá padà tó bá a nílẹ̀, haidirọ́líkì ń jò nínú, kó yọ iye yẹn kúrò nínú owó tó fẹ́ san.